Ife Ẹ̀yẹ Tí A Fi Irọ́ Gbà

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2010, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Ghana àti ti Uruguay pàdé ní pápá Soccer City ní ìlú Johannesburg, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Àmì ayò jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, àfikún àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Dominic Adiyiah ti Ghana fi orí kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà sì ń lọ sínú àwọ̀n tààrà. Luis Suárez, tí kì í ṣe aṣọ́lé, na ọwọ́ méjèèjì, ó sì tì í padà. Rẹfirí fi káàdì pupa lé e jáde, ó sì fún Ghana ní pẹnáritì. Asamoah Gyan gbá a, ó ba igi òkè ilé, ó fò kọjá. Lẹ́yìn náà ni Uruguay fi pẹnáritì 4 sí 2 borí. Bí àǹfààní ṣe bọ́ mọ́ Ghana lọ́wọ́ láti jẹ́ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò wà lára mẹ́rin tó kù nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà ti sọ Suárez di olè. Nígbà tí ikọ̀ méjèèjì fẹ́ tún pàdé ní Qatar ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n bi í léèrè bóyá ó fẹ́ tọrọ àforíjì. Èsì rẹ̀ ni pé òun kò ní àforíjì kankan láti tọrọ, nítorí pé òun gba káàdì pupa, ẹni tó sì gbá pẹnáritì náà nù kì í ṣe òun. Èsì yìí tún bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ìbínú náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń bínú kì í fẹ́ gbọ́: ọwọ́ ta ni ó mọ́ tó láti na ìka sí Suárez? Ní Nàìjíríà, ní àárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwà ọmọlúàbí, irú èrú kan wà tó burú ju ti Suárez lọ, tí àwọn àgbà sì ń fi ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ bọ́. Èrú náà ni fífi ọjọ́ orí parọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ. Ní ọdún 1989, FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, fi òfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1988 yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ nínú ìdíje mìíràn. Àǹfààní láti gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 náà bọ́ mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́. Portugal ni wọ́n gbé e fún. Ogún ọdún lẹ́yìn ìfòfindè náà, ní 2009, nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, FIFA lo ẹ̀rọ MRI láti wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Egungun ọmọdé ṣì máa ń ní àlàfo níbi tó ti ń dàgbà. Bí ọmọ bá ti di géńdé, àlàfo náà á dí pa. Ìwé lè parọ́, ẹnu lè parọ́, ṣùgbọ́n egungun kò mọ irọ́ í pa. Òótọ́ ni pé kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni àyẹ̀wò yìí kàn. Síbẹ̀, ìtìjú ńlá ni pé ayé ní láti máa bi egungun ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó fà á kalẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́.

Ẹ gbé ọ̀ràn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni Suárez ní láti fi pinnu. Gbogbo ayé ni ó ń wò ó. Òfin eré mọ ohun tó ṣe, ó sì jẹ ẹ́ níyà lójú ẹsẹ̀: ó jáde kúrò lórí pápá, kò sì lè kópa nínú eré tó tẹ̀ lé e. Ìyà náà kò tó, nítorí pé kò dá ohun tí Ghana pàdánù padà fún un. Ìdí nìyẹn tí ìbínú àwọn ará Ghana fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn eré náà, Suárez kò sẹ́ pé òun fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó ń fi ọjọ́ orí parọ́ ńkọ́? Ìpinnu tirẹ̀ kì í ṣe ti ìṣẹ́jú àáyá. Ó jókòó, ó ronú, ó lọ sí kóòtù, ó búra sórí ìwé ọjọ́ orí, ó sì yan ọdún tó wù ú. Òbí fọwọ́ sí i, akọ́nimọ̀ọ́gbá tì í lẹ́yìn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lu òǹtẹ̀. Rẹfirí kò lè rí irú èyí, nítorí náà kò sí káàdì fún un. Bí ilẹ̀ bá mọ́, irọ́ náà tún jí pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ orí èké yẹn náà ni yóò ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, tí yóò máa dá a lóhùn nígbà tí àwọn ọmọ tó bí bá bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí bàbá àwọn. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ olè, kí ni kí a pe ti èkejì?

Àwọn kan á ní eré lásán ni. Wọ́n á ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí kò ní iṣẹ́ kankan lórí pápá, pé ẹni tó bá borí ti borí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró. Bernard Suits, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n-orí tó kọ ìwé The Grasshopper ní ọdún 1978, ṣàlàyé pé láti ṣeré ni kí ènìyàn fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbìyànjú láti borí ìdènà tí kò pọn dandan. Ohun tó ń sọ kò le. Ẹni tó bá jẹ́ pé kí ó ṣáà ti dé òpin eré ìje 5,000 mítà ni ó ń fẹ́, ó lè gun ọ̀kadà. Yóò sì dé ṣáájú gbogbo sárésáré. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó borí eré ìje, nítorí pé kò sá eré ìje rárá. Òfin eré kì í ṣe ọgbà tí wọ́n fi yí eré ká. Òfin gan-an ni eré náà. Ẹni tó bá yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú òfin ní bòókẹ́lẹ́ ti yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú eré, bí ó tilẹ̀ ṣì wọ aṣọ eré. Ife ẹ̀yẹ tó bá gbé wá sílé, ife lásán ni. Ẹ̀yẹ inú rẹ̀ ti jò dànù lọ́nà.

Kì í sì í ṣe ẹnu Suits ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú 12 ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò 48 ni wọ́n ń pín sínú rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin. Gbangba ni gbogbo rẹ̀ wà: ohun tí ọ̀ta rí ni òpè rí, àwọn òǹwòran sì yí wọn ká. Iyì ọ̀ta kò sí nínú iye ọmọ ayò tó kó jọ síwájú. Ó wà nínú pé ojú gbogbo ènìyàn ni ó ti jẹ ẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń fi ọmọ ayò pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kò ní rí ẹni tí yóò bá a ta mọ́, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìjàkadì: gbogbo agbo ni yóò rí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Àwọn baba ńlá Yorùbá fi eré kọ́ ọmọ pé ìborí tí kò ṣeé ṣe ní gbangba kì í ṣe ìborí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wande Abimbola sì kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ̀ nínú ẹsẹ Ifá ní ọdún 1975, ohun tó fi hàn ni pé ìwà ni ó ń fún gbogbo oríire yòókù ní ìtumọ̀. Ẹni tó bá ní owó, ọmọ àti ilé, tí kò ní ìwà, ti ẹlòmíràn ni gbogbo rẹ̀. Ta ni ó wá sọ fún àwọn ènìyàn òde òní pé ife ẹ̀yẹ nìkan ni kò sí lábẹ́ òfin yìí?

Àwíjàre tó wọ́pọ̀ jù ni pé gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe é. Immanuel Kant, amòye ará Jámánì, ti fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe yìí, ṣé ohun náà á ṣì ṣeé ṣe? Ẹ dán an wò. Bí gbogbo orílẹ̀-èdè bá kó géńdé wá sí ìdíje ọmọdé, ìdíje àgbà ni yóò dà, èrè tó wà nínú irọ́ náà á sì pòórá. Èrú kò lè lérè àfi bí àwọn mìíràn bá ń ṣòótọ́. Bí àfòmọ́ ṣe ń jẹ lára igi ni aṣèrú ṣe ń jẹ lára òótọ́ ẹlòmíràn. Bí gbogbo ènìyàn bá di àfòmọ́, igi wo ni wọn yóò so mọ́?

Àwíjàre kejì ni pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, kí ó rántí Sydney. Nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá eré ìje 4 x 400 mítà fún Nàìjíríà ní àṣekágbá. Amẹ́ríkà ṣe ipò kìíní, Nàìjíríà ṣe ipò kejì, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Ní ọdún 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin tó sáré fún Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun lo oògùn èèwọ̀. Michael Johnson, tó sá ẹsẹ̀ ìkẹyìn fún Amẹ́ríkà, sọ pé òun yóò fúnra òun dá wúrà náà padà, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n fi gbà á kò tọ́. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ó di ọdún 2012 kí wọ́n tó sọ ọ́ di ti Nàìjíríà. Ọdún 12 gbáko! Nígbà náà, Sunday Bada kò sí láyé mọ́. Ó ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ó sáré, wúrà tọ́ sí i, ó sì kú gẹ́gẹ́ bí ẹni ipò kejì.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá irọ́ Sydney lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bá Bada nílé. Èyí ni kí àwọn tó ń fi òwe yẹn tu ara wọn nínú máa rántí: òtítọ́ tó pẹ́ kò lè san gbogbo gbèsè. Nàìjíríà yọ̀ nígbà tí wúrà náà dé, ó sì yẹ kí ó yọ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó mọ bí ó ṣe ń dunni kí aṣèrú gba ipò ẹni, kò yẹ kí ó ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ara rẹ̀. Iye ààyè tó wà nínú ikọ̀ ọ̀dọ́ kò pọ̀. Bí géńdé ọmọ ọdún 22 bá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí 16, ọmọ ọdún 16 tòótọ́ kan ti padà sílé nìyẹn. Bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn, ó rò pé òun kò mọ̀ ọ́n gbá ni. Bada ní orúkọ nínú ìwé ìtàn. Ọmọ yẹn kò ní. Kò sí kóòtù tí yóò pè é lẹ́yìn ọdún 12 láti fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Àwíjàre kẹta ni ìṣẹ́. Wọ́n á ní ọmọ tálákà ni, bọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀nà àbáyọ tó ní. Ọ̀rọ̀ yìí ń mú ọkàn rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n gba ààyè rẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ olówó. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ti wá, koríko kan náà ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí irọ́ ọjọ́ orí ń ṣe ni pé ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu aláìní kékeré fún aláìní àgbà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Àwíjàre kẹrin ni pé ọ̀pọ̀ òbí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1992, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ kì í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀ ni lóòótọ́, ó yẹ kí àwọn kan fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ wọn, kí àwọn mìíràn sì dín in kù. Ta ni ó gbọ́ rí pé agbábọ́ọ̀lù kan ṣàṣìṣe, ó sọ ara rẹ̀ di àgbà ju bí ó ṣe wà lọ? Àṣìṣe tó bá ń mú èrè wá fún ẹni tó ṣe é nígbà gbogbo, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe mọ́.

Kò sì yẹ kí gbogbo ẹ̀bi náà wà lórí orí ọmọ. Ní Tokyo, ní oṣù Keje ọdún 2021, wọn kò jẹ́ kí 10 nínú àwọn eléré ìje Nàìjíríà kópa nínú Òlíḿpíìkì, nítorí pé wọn kò ṣe iye àyẹ̀wò oògùn tí òfin béèrè fún wọn ṣáájú ìdíje náà. Ojúṣe àwọn aláṣẹ eré ìje nílé ni láti rí i pé àyẹ̀wò náà wáyé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi ọdún púpọ̀ múra sílẹ̀ wá di òǹwòran. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbà náà ni wọ́n dá Blessing Okagbare dúró nítorí oògùn èèwọ̀, ìyà rẹ̀ sì di ọdún 11 nígbà tó yá. Ọ̀ràn méjèèjì yàtọ̀ síra. Nínú ti Okagbare, eléré ìje ni òfin mú. Nínú ti àwọn mẹ́wàá, àgbà ló sùn, ọmọ ló jìyà. Ìwà ọmọlúàbí nínú eré ìdárayá kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó wọ bàtà eré nìkan. Ẹni tó mú bírò lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì ní ìpín tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá kan ilé-ẹ̀kọ́ girama nìyí. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kì í kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ lórí ìwà ọmọlúàbí. Ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé: òótọ́ sísọ, ìtẹríba, àìṣojúkòkòrò. Ó lè gba máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Tí ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá wá dé, ọmọ kan náà á rí i tí wọ́n yá agbábọ́ọ̀lù láti ìta, tí wọ́n wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún un, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní orúkọ olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ kí ó lè rí i sọ bí wọ́n bá bi í. Ní ọjọ́ Ajé wọ́n kọ́ ọ ní òótọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì wọ́n fi irọ́ hàn án. Èwo ni wọ́n rò pé yóò gbà gbọ́? Ẹ̀kọ́ tí ojú rí máa ń wọra ju èyí tí etí gbọ́ lọ. Ọmọ yẹn náà ni yóò gbé ìwé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn àgbà kan náà á sì máa pariwo pé ìwà ọ̀dọ́ ti bàjẹ́. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Nínú eré yìí, àwọn tó yẹ kí ó pẹ̀ka gan-an ni wọ́n ń bu omi sí ìdí rẹ̀.

Ṣíṣe ìpinnu tó tọ́ lórí pápá kò béèrè ìwé ńlá. Ìbéèrè mẹ́ta tó. Àkọ́kọ́: ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí ṣeé sọ ní gbangba, lójú alátakò mi? Èkejì: bí òun ni ó ṣe é fún mi, ṣé màá gbà? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò san owó rẹ̀, ṣé ẹni náà sì mọ̀? Ọmọ tó bá ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta yìí kí ó tó gbé ìgbésẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ amòye, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ Kant.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò ṣeé ṣe nínú ooru eré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, West Ham ń bá Everton gbá bọ́ọ̀lù, àmì ayò jẹ́ ọ̀kan sí ọ̀kan, àkókò sì ti ń lọ sópin. Aṣọ́lé Everton wà nílẹ̀, ó ti fara pa. Bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Paolo Di Canio ti West Ham níwájú ilé. Dípò kí ó gbá a sáwọ̀n, ó fi ọwọ́ mú un, ó sì ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tó wà nílẹ̀. FIFA fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí rẹ̀. Di Canio kì í ṣe ẹni mímọ́: ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti fòfin dè é nítorí pé ó ti rẹfirí ṣubú. Ohun tó ṣe kókó ni pé ìwà kì í ṣe ohun tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn bí àwọ̀ ara. Ìpinnu dé, ènìyàn sì lè yan rere, àní ẹni tó ti yan búburú rí.

Nítorí náà, olùkọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ èké wá bá kí ó má fọwọ́ sí i, bí ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ lejú. Ilé-ẹ̀kọ́ kí ó fi ìwé ìgbaniwọlé tòótọ́ hàn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje kí wọ́n lé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ṣèrú jáde, kí wọ́n sì kéde ìdí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ̀ pé àyálò wà nínú ikọ̀ àwọn kí ó sọ ọ́; kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, ààyè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà sílẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá pàdánù eré, kí ó pàdánù. Ọ̀la ń bọ̀, wọn á tún gbá òmíràn.

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pa òwe yìí nínú kíláàsì. Kò sí ibi tí wúrà àti fàdákà ti ń jẹ́ wúrà àti fàdákà gan-an bí orí pápá eré ìdárayá. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti fi hàn bóyá wọ́n gba òwe náà gbọ́.